Bí A Ṣe Ń Ṣa Àwo Àtúntẹ̀ Tó Ṣọ̀wọ́n Ti Olórin Tí A Fẹ́ràn Jọ

Ẹni tó bá fẹ́ràn olórin kan dénú kì í pẹ́ mọ̀ pé àwo tí olórin náà kọ́kọ́ gbé jáde nìkan kọ́ ló wà láyé. Àwo kan tí wọ́n tẹ̀ ní 1967 lè tún jáde ní 1972 lábẹ́ orúkọ mìíràn. Orílẹ̀-èdè mìíràn lè tún un tẹ̀ ní 1979 pẹ̀lú àwòrán tó yàtọ̀ níwájú páálí rẹ̀. Lẹ́yìn ogójì ọdún, ilé-iṣẹ́ kékeré kan tí kò ní ju òṣìṣẹ́ mẹ́ta lọ lè tẹ ẹ̀dà 300 péré, kí ó sì tán kí ọ̀pọ̀ ènìyàn tó gbọ́ pé ó jáde. Irú àwọn àtúntẹ̀ tí kò gbajúmọ̀ wọ̀nyí ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, láti orí bí a ṣe ń dá wọn mọ̀ títí dé orí bí a ṣe ń tọ́jú wọn. Ohun kan ni mo dì mú nínú ọ̀rọ̀ yìí, òun náà ni gbogbo ìtọ́sọ́nà yìí dúró lé: ara àwo fúnra rẹ̀ ni kí a kọ́ láti máa kà. Páálí lè sọ ohun tó bá wu ẹni tó ń tà á, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fín sára àwo kì í sábà purọ́.

Àwọn kan gbà pé àtẹ̀jáde àkọ́kọ́ nìkan ló níyì, pé àtúntẹ̀ kò ju ẹ̀dà lásán lọ. Èmi kò fara mọ́ èrò yẹn. Ẹ wo ti Sixto Rodriguez: àwo rẹ̀ àkọ́kọ́, Cold Fact, jáde ní Amẹ́ríkà ní 1970, kò sì tà níbẹ̀. Àwọn ẹ̀dà tí wọ́n tẹ̀ ní Gúúsù Áfíríkà àti ní Ọsirélíà ló sọ ọ́ di gbajúmọ̀ ní àwọn orílẹ̀-èdè méjèèjì yẹn, kó tó di pé ilé-iṣẹ́ Light in the Attic tún un tẹ̀ ní 2008, tí àwọn ará Amẹ́ríkà fúnra wọn sì wá ń gbọ́ ọ. Ẹni tó bá ní àtẹ̀jáde àkọ́kọ́ nìkan lọ́wọ́ kò tíì ní ìdajì ìtàn olórin yẹn. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí fún ọ̀pọ̀ olórin mìíràn tí orúkọ wọn kò dé ibi tí tirẹ̀ dé.

Ẹ kọ́kọ́ ṣe ìwé àkọsílẹ̀

Kí ẹ tó na owó kankan, ẹ mú ìwé kan, tàbí kí ẹ ṣí fáìlì kan lórí kọ̀ǹpútà, kí ẹ to orúkọ gbogbo àwo tí olórin yín ṣe sílẹ̀ láti ọdún dé ọdún, lẹ́yìn náà kí ẹ máa kọ àtúntẹ̀ tí ẹ bá rí sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Discogs, àkójọ ìsọfúnni nípa àwo orin tó bẹ̀rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọdún 2000, ni ibi tó dára jù láti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ojú ewé ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń ṣí fún ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan láti orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n àwọn olùfẹ́ orin bíi tiyín náà ló ń kọ ohun tó wà níbẹ̀. Àṣìṣe wà nínú rẹ̀, àlàfo sì pọ̀, pàápàá nípa olórin tí kò lókìkí. Ẹ má ṣe rò pé ohun tí ẹ kò bá rí níbẹ̀ kò sí.

Oríṣiríṣi ni àwọn àtúntẹ̀ tó máa ń sá pamọ́ fún ojú. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni àwo olówó pọ́ọ́kú: ilé-iṣẹ́ ńlá máa ń ní orúkọ kejì tó fi ń ta orin tó ti pẹ́ ní owó tó dínkù, ó sì máa ń yọ orin méjì tàbí mẹ́ta kúrò, kí ó yí àkọlé padà, kí ó sì fi àwòrán òdòdó tàbí ti obìnrin kan tí ẹnì kankan kò mọ̀ sí iwájú páálí. Nítorí pé orúkọ ti yí padà, ẹni tó ń wá àwo náà lè kọjá lára rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá láìmọ̀. Irú kejì ni ẹ̀dà tí wọ́n tẹ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ tó ń fi àwo ránṣẹ́ sílé ọmọ ẹgbẹ́ ní oṣooṣù; ilé-iṣẹ́ àwo Columbia dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1955, àwọn mìíràn sì tẹ̀ lé e. Òǹkà tí ilé-iṣẹ́ fi ń dá irú àwo bẹ́ẹ̀ mọ̀ sábà máa ń yàtọ̀, ibi tí wọ́n ti gé orin náà sára àwo pàápàá sì lè yàtọ̀.

Irú kẹta ló dùn mọ́ mi jù, òun ni ẹ̀dà ilẹ̀ òkèèrè. Ní àwọn ọdún 1960, ó wọ́pọ̀ kí olórin tún orin rẹ̀ kọ ní èdè Jámánì, Faransé, Ítálì tàbí Sípéènì fún àwọn ọjà ibẹ̀, àwọn orin bẹ́ẹ̀ kì í sì í sí nínú àwo tí ó ṣe nílé. Àwo tí wọ́n tẹ̀ ní Japan sábà máa ń ní ọ̀já bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n fi dì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní obi, pẹ̀lú ìwé ọ̀rọ̀ orin nínú. Bí ọ̀já yẹn bá sọnù, iye àwo náà lọ sílẹ̀ gan-an. Àwo Melodiya, ilé-iṣẹ́ ìjọba Soviet tó bẹ̀rẹ̀ ní 1964, kì í sábà kọ ọdún sára, síbẹ̀ ó ní ọ̀nà tí a fi ń mọ ọjọ́ orí rẹ̀. Ẹ wo bébà róbótó tó wà láàárín àwo náà, ẹ óò rí òǹkà òfin ìṣọwọ́ṣe tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 5289. Bí 68 bá tẹ̀ lé e, òfin ti ọdún 1968 ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, a jẹ́ pé kò lè dàgbà ju ọdún yẹn lọ. Bí ó bá jẹ́ 73 tàbí 80, ẹ ti mọ bí ẹ óò ṣe kà á.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ń gbójú fò dá. Nígbà tí sítẹ́rẹ́ò, ìyẹn ohùn tó ń ti apá méjì jáde lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, dé sí àwo gígùn ní nǹkan bí 1958, àwọn ilé-iṣẹ́ kò fẹ́ kí orin wọn tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ ní mónò, ìyẹn ní ohùn kan ṣoṣo, dà bí ohun àtijọ́. Nítorí náà wọ́n pín ohùn kan náà sí méjì, wọ́n jẹ́ kí apá kan rinlẹ̀, kí apá kejì sì gòkè, nígbà mìíràn wọ́n tún fi gbohùngbohùn díẹ̀ sí i, wọ́n sì tà á bíi sítẹ́rẹ́ò. Ilé-iṣẹ́ àwo Capitol pe tirẹ̀ ní Duophonic láti 1961. Àtúntẹ̀ olówó pọ́ọ́kú kún fún irú ohùn yìí. Bí olórin yín bá ti ń kọrin ṣáájú 1958, ẹ kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ yín pé ẹ̀dà mónò ni ẹ ń wá, nítorí pé nínú sítẹ́rẹ́ò àtọwọ́dá, ṣe ni ohùn olórin máa ń dà bíi pé ó ń ti inú kànga jáde.

Mímọ ọjọ́ orí àwo

Àṣìṣe tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ máa ń ṣe ni pé wọ́n á wo ọdún tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà P inú òbìrìkìtì, wọ́n á sì gbà pé ọdún yẹn ni wọ́n tẹ àwo. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọdún tí orin náà kọ́kọ́ jáde ni àmì yẹn ń sọ, àtúntẹ̀ ti ọdún tó kọjá sì lè gbé 1968 sára láìṣẹ̀ sí òfin kankan. Ohun tí a ń wò ni àwọn ohun tí kò lè sí níbẹ̀ nígbà náà. Àmì P yẹn fúnra rẹ̀ kò wọ́pọ̀ títí di ẹ̀yìn 1971. Àwọn ìlà dúdú tí ẹ̀rọ ìtajà ń kà bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lẹ́yìn páálí àwo ní ìparí àwọn ọdún 1970. Àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì kò lè ṣáájú àwọn ọdún 1990. Bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé àtẹ̀jáde àkọ́kọ́ ti 1968 ni òun ní lọ́wọ́, tí ìlà dúdú sì wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ kí i, kí ẹ sì máa bá tiyín lọ.

Ìwọ̀n àwo náà ń sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ọ̀wọ́n epo rọ̀bì ti 1973, ike tí wọ́n fi ń tẹ àwo wọ́n, nítorí pé ara epo ni ó ti ń wá, àwo sì fẹ́lẹ́. Àwọn àtúntẹ̀ òde òní ń fọ́nnu pé àwọn wọn gíráàmù 180, nígbà tí àwo tó wọ́pọ̀ wà láàárín gíráàmù 120 sí 140. Kò burú kí àwo wúwo, kì í tètè ká, ṣùgbọ́n ìwọ̀n kò fi ohunkóhun kún orin. Ẹ má ṣe jẹ́ kí nọ́ńbà 180 tó hàn gàdàgbà níwájú páálí jẹ́ ìdí kan ṣoṣo tí ẹ fi ra àwo.

Kíka òrúka ìparí

Nísinsìnyí, ẹ yọ àwo jáde. Láàárín ibi tí orin parí sí àti bébà àárín, òrúka dúdú dídán kan wà tí kò ní orin. Ẹ mú iná kan tó mọ́lẹ̀ dáadáa, kí ẹ gbé àwo náà dàgẹ̀rẹ̀ díẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ lè gba ẹ̀gbẹ́ kọjá lórí rẹ̀, kí ẹ sì yí i díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ní etí rẹ̀. Àwọn lẹ́tà yóò yọ sí yín. Òmíràn jinlẹ̀, ó sì gún régé, nítorí pé irin ni wọ́n fi lù ú. Òmíràn fẹ́lẹ́ bí irun, ó wọ́ díẹ̀, nítorí pé ọwọ́ ènìyàn ló fi abẹ́rẹ́ kọ ọ́. Àwọn àgbà sọ pé bí a bá fara balẹ̀ pa èèrà, a ó rí ìfun inú rẹ̀. Òrúka yìí ni ìfun àwo.

Láti lóye rẹ̀, ẹ ní láti mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ àwo. Onímọ̀-ẹ̀rọ kan á fi abẹ́rẹ́ tó gbóná gé orin náà sára páànù alumíníọ̀mù tí wọ́n fi ọ̀dà rírọ̀ bò. Wọ́n á da fàdákà bò ó, wọ́n á mú níkẹ́ẹ̀lì hù lórí rẹ̀, níkẹ́ẹ̀lì yìí tí wọ́n bá sì ṣí kúrò ni wọ́n ń pè ní bàbá. Láti ara bàbá ni wọ́n ti ń ṣe ìyá, láti ara ìyá ni wọ́n ti ń ṣe irin òǹtẹ̀, irin òǹtẹ̀ yìí ló sì ń tẹ ike gbígbóná di àwo. Òǹtẹ̀ kan lè tẹ àwo bí 1,000 kí ó tó gbó. Ohunkóhun tí onímọ̀-ẹ̀rọ bá kọ sára ọ̀dà níbẹ̀rẹ̀ yóò hàn lára gbogbo àwo tó ti inú ọ̀dà náà jáde. Nítorí náà, àwo méjì tí páálí wọn yàtọ̀ pátápátá, tí ọ̀kan jẹ́ ti 1971, tí èkejì jẹ́ ti 1983, lè ní àmì kan náà lára òrúka, kí ó jẹ́ pé ohùn kan náà ni wọ́n. Àwo méjì tí páálí wọn jọra sì lè ní àmì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n má jọra rárá létí.

Òǹkà àwo ni ẹ óò kọ́kọ́ rí, pẹ̀lú A tàbí B fún ojú àwo, lẹ́yìn rẹ̀ nọ́ńbà tó ń sọ pé gígé kelòó ni. Bí A-1 bá wà lára àtẹ̀jáde àkọ́kọ́, tí A-4 sì wà lára ti àtúntẹ̀ yín, a jẹ́ pé wọ́n ti tún orin náà gé. Lẹ́yìn èyí ni ẹ óò máa wá orúkọ. RL ni àmì Robert Ludwig, ọ̀kan nínú àwọn tó mọ àwo gé jù lọ. RVG ni ti Rudy Van Gelder. George Peckham, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, máa ń kọ Porky tàbí A Porky Prime Cut. Ọ̀rọ̀ STERLING tí wọ́n lù mọ́lẹ̀ jẹ́ ti Sterling Sound, ilé-iṣẹ́ tó ń gé àwo. Ilé-iṣẹ́ tó tẹ àwo náà lè fi àmì sílẹ̀: MPO jẹ́ ti ilẹ̀ Faransé, òǹkà gígùn tó ní lẹ́tà E láàárín, tí ìlà dídàgẹ̀rẹ̀ àti A tàbí B sì parí rẹ̀, sábà máa ń jẹ́ ti GZ Media ní Loděnice, ní orílẹ̀-èdè Czech, níbi tí wọ́n ti ń tẹ àwo láti 1951. Bí páálí bá sọ pé wọ́n tẹ àwo yìí ní Amẹ́ríkà ní 1970, tí òrúka sì sọ GZ, ẹ mọ ẹni tí ẹ óò gbàgbọ́.

Mo rántí àtúntẹ̀ olówó pọ́ọ́kú kan tí mo rà nítorí orin kan péré, páálí rẹ̀ ti ya lókè, àwòrán iwájú rẹ̀ kò sì bá orin mu. Mo gbé e sábẹ́ iná ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo sì rí RL méjì, kékeré, wọ́n rọra tẹ̀ sí apá ọ̀tún, ọ̀kan ní ojú kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo gbé abẹ́rẹ́ lé e, ìlù tí mo ti ń gbọ́ bí ohun tó jìnnà láti ọdún mẹ́wàá dúró níwájú mi, mo sì gbọ́ bí olórin náà ṣe mí sínú kí ó tó gbé ẹsẹ kejì. Èémí yẹn kò sí nínú àwo olówó iyebíye tí mo ti ní tẹ́lẹ̀.

Níbo ni ohùn náà ti wá?

Fún àtúntẹ̀ òde òní, ìbéèrè yìí ló ṣe pàtàkì jù. Ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Wọ́n lè gba ohùn náà lára téèpù ìpìlẹ̀, ìyẹn téèpù àkọ́kọ́ ti orin náà, tààrà. Wọ́n lè gbà á lára fáìlì díjítà tí wọ́n ti ṣe láti ara téèpù náà. Wọ́n sì lè gbà á lára CD tàbí lára àwo àtijọ́ kan tí wọ́n rí rà bíi tiyín. Ọ̀nà kejì kò burú. Ní 2022, ó hàn pé ilé-iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà, tí àwọn ènìyàn gbà pé téèpù nìkan ló ń lò, ti ń gba ọ̀nà díjítà fún ọ̀pọ̀ àwo tí àwọn olùgbọ́ ti ń yìn láti ọdún pípẹ́. Ohun tó dun àwọn olùgbọ́ ni pé ilé-iṣẹ́ náà kò sọ fún wọn. Èmi náà, òótọ́ ni mo ń bèèrè lọ́wọ́ páálí, kì í ṣe téèpù ní gbogbo ìgbà. Téèpù mìíràn kò sí mọ́ láyé: iná tó jó ní Universal Studios ní 2008 jó ọ̀pọ̀ téèpù ìpìlẹ̀ run, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ kékeré sì ti da tiwọn nù tipẹ́tipẹ́. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, gbígba ohùn lára àwo tó mọ́ jù lọ tí a lè rí ni ọ̀nà kan ṣoṣo, ilé-iṣẹ́ tó bá sì bọ̀wọ̀ fún olùrà yóò kọ ọ́ sẹ́yìn páálí.

Ọ̀rọ̀ òfin wà nínú èyí. Ní àwọn orílẹ̀-èdè Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, ẹ̀tọ́ lórí orin tí a gbà sílẹ̀ máa ń parí lẹ́yìn 50 ọdún tẹ́lẹ̀. Òfin 2011 sọ ọ́ di 70, ṣùgbọ́n orin tó ti jáde ṣáájú 1963 kò jẹ àǹfààní rẹ̀, torí pé ọdún tiwọn ti pé. Ìdí nìyí tí àtúntẹ̀ àwọn olórin àwọn ọdún 1950 fi kún ọjà, láti ọwọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ tí kò fọwọ́ kan téèpù rí. Òfin gbà wọ́n láyè. Ohun tí ẹ óò ṣe ni pé kí ẹ wo ẹ̀yìn páálí: bí kò bá sí orúkọ ẹni tó tún ohùn ṣe, tí kò sí orúkọ ẹni tó gé àwo, tí kò sì sí ọ̀rọ̀ kankan nípa téèpù, ẹ gbà pé inú CD ni ó ti wá.

Etí náà lè ṣe ìwádìí. Nígbà kan, mo ra àtúntẹ̀ kan tí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ iwájú rẹ̀ sọ pé láti ara téèpù ìpìlẹ̀ ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀ orin kejì, kí ohùn tó wọlé, mo gbọ́ tó, tó, tó. Mo nu àwo náà, mo tún un gbọ́, mẹ́ta náà ni. Mo gbé e sábẹ́ iná, n kò rí ìha kankan, ìyẹn ibi tí nǹkan ti ha àwo, níbẹ̀. Mo rí ẹ̀dà kejì lọ́wọ́ ẹlòmíràn: mẹ́ta náà, ní ibi kan náà. Ìyẹn ni pé ìha náà wà lára àwo àtijọ́ tí wọ́n ti da orin náà kọ, wọ́n sì tẹ ìró rẹ̀ mọ́ orin fún gbogbo wa. Ẹ tún lè wọn àlàfo àárín àwọn ìró náà. Àwo tó ń yí lẹ́ẹ̀mẹ́tàlélọ́gbọ̀n àti ìdámẹ́ta ní ìṣẹ́jú kan ń yí po lẹ́ẹ̀kan láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 1.8, ti 45 ń yí po láàárín nǹkan bí 1.33. Bí àwo gígùn yín bá ń dún tó ní ìṣẹ́jú-àáyá 1.33 síra wọn, àwo kékeré 45 ni wọ́n dà á kọ láti ara rẹ̀, ohun yòówù kí páálí sọ.

Wíwá àti rírà

Ẹ fi àkọsílẹ̀ yín ṣe ọ̀nà ìwákiri. Orí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ má ṣe wá orúkọ olórin nìkan; ẹ wá òǹkà àwo, ẹ wá orúkọ rẹ̀ tí wọ́n fi àṣìṣe kọ, ẹ wá a ní àkọtọ́ èdè tí wọ́n ti tẹ àwo náà, ẹ sì wá orúkọ ẹgbẹ́ tó ti ń kọrin kó tó dá dúró. Ọ̀pọ̀ àtúntẹ̀ tó ṣọ̀wọ́n wà lábẹ́ orúkọ ẹlòmíràn, nínú àkójọ orin oríṣiríṣi níbi tí olórin yín ti ní orin kan ṣoṣo. Àtúntẹ̀ tuntun tó níye díẹ̀ sábà máa ń jáde ní Record Store Day, ọjọ́ ọdọọdún ti àwọn ilé ìtajà àwo, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 2008, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ má ṣe ra ti ọjọ́ yẹn lọ́wọ́ ẹni tó ń tún un tà ní ọ̀sẹ̀ kan náà. Ẹ ṣe sùúrù fún oṣù díẹ̀, owó rẹ̀ sábà máa ń wálẹ̀.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ bẹ ẹni tó ń tà á pé kí ó ya àwòrán òrúka ìparí ojú méjèèjì fún yín. Ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní bínú. Ẹ tún bèèrè bóyá ó ti gbọ́ àwo náà tàbí ojú lásán ló fi wò ó. Nínú ọ̀rọ̀ àwọn oníṣòwò, Mint ni èyí tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn, Near Mint tẹ̀ lé e, lẹ́yìn rẹ̀ ni Very Good Plus àti Very Good. Good kò túmọ̀ sí pé ó dára. Àwo tó gbó ni, tí ariwo rẹ̀ yóò máa bá orin jà. Fún àtúntẹ̀ tí ẹ fẹ́ máa gbọ́, Very Good Plus ti tó. Ẹ sọ fún un kí ó yọ àwo kúrò nínú páálí kó tó dì í, kí ó sì fi àwo sẹ́yìn páálí, nítorí pé bí àpótí bá já lulẹ̀ lọ́nà, etí àwo ló máa ń ya páálí.

Ẹ ṣọ́ra fún àtúntẹ̀ tí wọ́n kó orin púpọ̀ jù sí. Ojú kan àwo gígùn ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 22 pẹ̀lú ìrọ̀rùn. Bí wọ́n bá fi orin mẹ́ta kún un títí ó fi di 28, wọ́n ní láti fún àwọn ìlà náà mọ́ra, ohùn á sì lọ sílẹ̀. Ẹ wo páálí náà pẹ̀lú ojú tó mú: bí àwòrán iwájú bá ń ṣe bàìbàì bí ohun tí a ya láti ara àwòrán mìíràn, tí àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké ẹ̀yìn sì ti wú, ara páálí àtijọ́ ni wọ́n ti dà á kọ, ó sì ṣeé ṣe kí orin inú rẹ̀ rí bẹ́ẹ̀. Ní ti àwo aláwọ̀ mèremère, kò sí ohun tí mo ní lòdì sí i, ṣùgbọ́n ó máa ń ṣòro láti rí ìha àti àmì lára rẹ̀.

Ìtọ́jú

Ẹ tò wọ́n ní ìdúró, kí wọ́n fara ti ara wọn láìfún, jìnnà sí oòrùn àti ibi tó gbóná. Ẹ má ṣe tò wọ́n lé ara wọn. Ẹ pàrọ̀ àpò bébà inú pẹ̀lú ti ọ̀rá polyethylene, kí ẹ sì yàgò fún àpò ọ̀rá PVC rírọ̀, torí pé bí ó bá pẹ́ lára àwo, ó ń fi ìkùukùu sílẹ̀ tí omi kò lè wẹ̀. Omi tí a ti sè di ooru tí a sì gbà padà, tí kò ní iyọ̀ nínú, ni kí ẹ fi wẹ àwo, pẹ̀lú aṣọ rírọ̀, kí ẹ máa tẹ̀ lé ìlà rẹ̀ yípo. Bí olórin yín bá ti dàgbà tó láti ní àwo 78 àtijọ́, èyí tó ń yí lẹ́ẹ̀méjìdínlọ́gọ́rin ní ìṣẹ́jú kan, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọtí líle kàn án, ó ń jẹ ohun tí wọ́n fi ṣe é. Abẹ́rẹ́ tirẹ̀ náà sì fẹ̀ ju ti àwo gígùn lọ. Ẹ ṣètò ìwọ̀n abẹ́rẹ́ bí ẹni tó ṣe é ṣe sọ, ó sábà máa ń wà láàárín gíráàmù 1.5 sí 2. Abẹ́rẹ́ tó fúyẹ́ jù ń fò nínú ìlà, ó sì ń ba àwo jẹ́ gẹ́gẹ́ bí èyí tó wúwo jù.

Fún àwo kọ̀ọ̀kan tó bá wọlé, ẹ gé bébà kékeré kan, kí ẹ fi pẹ́ńsù kọ àmì òrúka ojú méjèèjì sí i lẹ́tà sí lẹ́tà, pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ rà á, ibi tí ẹ gbà pé ohùn rẹ̀ ti wá, àti orin tó dára jù nínú rẹ̀ ju ti ẹ̀dà yòókù lọ. Ẹ ki bébà náà bọ inú páálí, kì í ṣe inú àpò tó fara kan àwo. Lẹ́yìn náà, bí ẹ̀dà yín kò bá sí lórí Discogs, ẹ ya àwòrán òrúka náà lábẹ́ iná kan náà tí ẹ fi kà á, kí ẹ sì fi kún un, torí pé ẹlòmíràn tó fẹ́ràn olórin náà ń wá a lọ́wọ́ báyìí pẹ̀lú orúkọ tí wọ́n fi àṣìṣe kọ.